Òjò Ni Òògùn Kòkòrò Àkọ́kọ́: Ìtàn Tata, Kòkó, Ẹ̀gẹ́ àti Àgbàdo ní Ilẹ̀ Wa

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa, láti Arákálẹ̀ dé Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, títí dé oko Òǹdó àti Ìdànrè: "Kí ló dé tí kòkòrò ọdún yìí fi pọ̀ ju ti èṣí lọ?" Àwọn kan á ní òògùn tí àwọn rà ló jẹ́ ayédèrú. Àwọn kan á ní oko aládùúgbò tí kò ro ilẹ̀ ló kó o ran àwọn. Àwọn mìíràn á kàn mirí, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́. A ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa o. Òògùn ayédèrú wà lọ́jà, kòkòrò sì máa ń ṣí láti oko kan bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbójú sókè wo sánmà. Bí òjò, oòrùn àti ọyẹ́ ṣe ń pín ọdún fún àwa àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pín in fún kòkòrò.

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn àwọn kòkòrò tó ti jẹ wá níyà láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ojú ọjọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Àgbẹ̀ tó bá mọ oṣù tí ilẹ̀kùn náà ń ṣí, owó rẹ̀ kì í ṣòfò sórí òògùn.

Ohun tí òjò ń fi ojú kòkòrò rí

Ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Òǹdó, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á wá tẹ̀lé e títí di oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn á dé, tí ọyẹ́ á sì fẹ́ wá láti apá aṣálẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òjò ńlá ń gbà bá kòkòrò jà. Èkíní, ó ń gbá àwọn kéékèèké dànù lára ewé, wọ́n á já bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ á sì bò wọ́n. Èkejì, ọ̀rinrin ń bí àrùn tó ń pa kòkòrò fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń mú kí èbù hù sára oúnjẹ. Ẹ̀kẹta, ohun ọ̀gbìn tó bá mu omi yó máa ń tètè yọ ewé mìíràn dípò èyí tí kòkòrò jẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yí gbogbo ẹ̀ padà. Kò sí ohun tó máa gbá kòkòrò dànù mọ́. Ooru á mú kí ẹyin tètè pa, kí ọmọ sì tètè dàgbà. Ohun ọ̀gbìn tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì lágbára láti dá ara rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò tí ẹ fojú kéré nínú oṣù kẹwàá fi lè di ogun nínú oṣù kejì.

Tata àti ewé Akíntọ́lá

Àwọn àgbà tó ń dáko ní àwọn ọdún 1970 kò lè gbàgbé tata. Kì í ṣe tata ewéko lásán là ń wí o. Èyí tó ní àwọ̀ dúdú àti ìyeyè lára, tó ń rùn, tí ọmọ rẹ̀ máa ń ṣù jọ dúdú sórí ewé kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an là ń wí. Ní àwọn ọdún náà, ó pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà débi pé ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, á sì tún bọ́ sórí èèpo igi rẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé tata yìí láti orí ẹyin títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, àwọn abo máa ń kó ara wọn jọ sábẹ́ igbó tó ní òjìji, wọ́n á sì yé ẹyin sínú ilẹ̀ lójú kan náà. Gbogbo àsìkò òjò ni ẹyin yẹn fi ń sùn nínú ilẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, wọ́n á pa. Àwọn ọmọ yẹn á wá jáde sínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti ń gbẹ, tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ yín ló ṣì tutù. Ta ni wọn ò ní jẹ?

Ewé kan tún wá bá a lọ́wọ́ sí i, ìyẹn èyí tí à ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìro. Àsìkò ọyẹ́ ló ń tanná, tata sì fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ gan-an. Abẹ́ òjìji rẹ̀ náà ni tata ti ń rí ibi yé ẹyin sí.

Ọgbọ́n tó jáde nínú ìwádìí yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí tata ti ń ṣù jọ nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Ẹ mú ọkọ́, kí ẹ hú ilẹ̀ náà kó tó di oṣù kẹwàá, kí oòrùn lè pa ẹyin tó wà níbẹ̀. Wákàtí kan péré nídìí ẹyin sàn ju oṣù mẹ́ta tí ẹ ó fi máa lé ọmọ tata kiri oko.

Àwọn tó bá ń lọ sóko nígbà òjò lè ti rí tata tó gun orí koríko lọ, tó dì í mú gírígírí, tó sì kú síbẹ̀. Kì í ṣe òògùn ẹnikẹ́ni ló pa á. Àrùn inú ọ̀rinrin yẹn ni. Láti orí irú ìmọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ tí IITA wà lára wọn, ní ilẹ̀ Benin, ti ṣe òògùn kan ní àwọn ọdún 1990, tó jẹ́ pé èbù tó ń pa tata àti eéṣú ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe májèlé.

Kòkó: ọ̀tọ̀ ni àsìkò òjò, ọ̀tọ̀ ni àsìkò kòkòrò

Ẹ̀yin olóko kòkó Òǹdó, Ìdànrè àti Ilé-Olújìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀tá méjì ni kòkó ní, wọn kì í sì í jọ dé. Bí òjò bá pọ̀ ju, ọ̀rinrin á mú kí èso kòkó dúdú, kó sì jẹrà. Àrùn ni ìyẹn, kì í ṣe kòkòrò. Òògùn rẹ̀ yàtọ̀, inú òjò la sì ń fín in.

Ìkejì ni kòkòrò kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mirid tàbí capsid. Ẹnu bí abẹ́rẹ́ ló ní, ó fi ń gún èso àti ẹ̀ka tútù, ó sì ń fa oje rẹ̀ mu. Láti bí oṣù kẹjọ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á máa pọ̀ sí i títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ka tó bá ti dá ọgbẹ́ sí lára, ẹ̀ẹ̀rùn á wá bá a gbẹ ẹ́ tán. Bí a bá tún gé igi òjìji, tí oòrùn ráyè wọlé, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò yìí máa ń kó jọ sí.

Ní òpin àwọn ọdún 1950, Gammalin 20 dé ọwọ́ àwọn olóko kòkó. Ó ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kòkó tó ń kú padà sọjí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, ní Gánà àti níbí, àwọn kòkòrò kan ti wà tí wọ́n á mu Gammalin tí wọn ò ní kú. Bí òògùn kan náà bá ń lọ léraléra, àwọn aláìlera á kú, àwọn tí òògùn ò ràn ló máa ṣẹ́kù, àwọn ló sì máa bímọ fún ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan tún ń da Gammalin sódò láti fi pa ẹja tí èèyàn máa jẹ. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò pé kí wọ́n fòpin sí lindane, èròjà tó wà nínú rẹ̀.

CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà nítòsí wa, ló ń bá iṣẹ́ lọ lórí kòkó títí dòní. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn Gammalin ni pé òògùn kankan kò lè rọ́pò mímọ àsìkò. Ẹni tó bá fín òògùn kòkòrò nínú oṣù kẹfà tí kòkòrò kò tíì pọ̀, owó rẹ̀ ló fín dànù. Ẹni tó bá sì dúró di oṣù kìn-ín-ní, kòkòrò ti jẹun yó kó tó dé.

Ẹ̀gẹ́: nígbà tí òjò nìkan kò tó

Ní 1973, kòkòrò funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun yọ lára ẹ̀gẹ́ nítòsí Kinshasa, ní ilẹ̀ Kóńgò. Ní 1979, ó ti dé Nàìjíríà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, ara obì ló ń gbé. Ara igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó ré òkun ló bá wá.

Gbogbo rẹ̀ ni abo, kò nílò akọ kó tó bímọ, ìkọ̀ọ̀kan sì lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin. Ọ̀kan péré tó bá délẹ̀, ìdílé ti dé nìyẹn. Orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́ tí a dì, igi rẹ̀ á wọ́, kò ní ṣeé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní àwọn oko tó jìyà jù ní Áfíríkà, ohun tó ṣòfò tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta gàrí àti láfún, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa ṣe sí ọjà.

Ojú ọjọ́ hàn gedegbe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá ni kòkòrò yìí máa ń pọ̀ sí i, yóò sì gbógun gidi ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹta. Bí òjò ńlá àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á gbá a dànù, ẹ̀gẹ́ á tún yọ ewé. Ẹni tó bá wo èyí á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù á tún bímọ kún oko.

Ibí ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà náà. Kí ló dé tí kòkòrò yìí kò fi run ẹ̀gẹ́ tiwọn? Àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, mọ̀ pé ohun kan ní láti wà lọ́hùn-ún tó ń pa á jẹ, tí kò sí níbí. Wọ́n wá a títí. Ní 1981, wọ́n rí i ní Paraguay: agbọ́n kékeré bíńtín kan, tí kì í ta èèyàn, tó máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní ṣe wá ní jàǹbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1981. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa: ìgbà tí kòkòrò ń múra láti pọ̀ ni wọ́n rán ọ̀tá rẹ̀ jáde.

Agbọ́n náà múlẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká gúúsù ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì kó o lọ sí orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún ní Áfíríkà. Wọ́n tilẹ̀ fi bàálù tú u sílẹ̀ ní àwọn ibì kan. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà ní IITA, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Àgbẹ̀ kò sanwó agbọ́n, kò sì ru táǹkì sẹ́yìn.

Síbẹ̀, àwọn oko kan ṣì ń jìyà lẹ́yìn tí agbọ́n dé. Nígbà tí wọ́n wò ó, ilẹ̀ oníyanrìn tó ti ṣá ni, tí kò sí ohun kankan tó bo ìdí ẹ̀gẹ́. Òùngbẹ ibẹ̀ pọ̀ jù, ẹ̀gẹ́ ò lókun, agbọ́n tó bá sì jáde nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ máa ń kéré. Nítorí náà, ẹni tó bá fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kó tó di ọyẹ́, kì í ṣe omi nìkan ló pa mọ́. Ó ran agbọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú.

2016: ọdún kan, àlejò méjì

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, wọ́n rí kòkòrò kan lára àgbàdo ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn àti Ìkẹnnẹ́, tí kò sí ní Áfíríkà tẹ́lẹ̀. Armyworm láti Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún yẹn náà, kòkòrò tòmátò tí àwọn ará ọjà sọ ní "Ebola tòmátò" run oko lókè ọ̀hún. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba Kàdúná kéde ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta ata lọ́jà lọ́dún náà, ẹ rántí iye tí apẹ̀rẹ̀ tòmátò dà.

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ooru. Labalábá òru tó ń bí armyworm lè gun atẹ́gùn rìn ní ọ̀nà jíjìn láàrin òru kan. Níwọ̀n bí ilẹ̀ wa kò ti ní òtútù tó máa pa á, kò sí oṣù tí kò lè bímọ, oṣù kan péré sì tó kí ẹyin di labalábá tó ń yé ẹyin. Òjò ńlá máa ń gbá àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké dànù, omi sì máa ń rì wọ́n nínú ọkàn àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tó wá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ ti gbin àgbàdo, àsìkò rẹ̀ dé nìyẹn. Bó bá sì ti wọnú ọkàn àgbàdo lọ, òògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Ìgbà tí ẹyin ṣì wà lórí ewé ni ẹ máa ṣà á, kí ẹ fi ọwọ́ pa á.

Kábéèjì àti mústáádì náà ń bẹ nínú ẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dáko àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀ ń gbin kábéèjì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìdílé kan náà ni kábéèjì àti mústáádì. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gbin mústáádì fún òróró, kòkòrò kékeré tó ń fa oje ewé máa ń bò ó ní àsìkò òtútù wọn, láti oṣù kejìlá lọ. Àwọn àgbẹ̀ wọn ti mọ̀ pé èyí tí a bá tètè gbìn ní oṣù kẹwàá máa ń tanná, á sì máa so kí kòkòrò tó pọ̀. Èyí tó pẹ́ ni kòkòrò ń jẹ. Wọn ò lè yí ojú ọjọ́ padà, ọjọ́ ìgbìn ni wọ́n yí.

Ní tiwa, kòkòrò tó ń lu ewé kábéèjì nílùkulù máa ń pọ̀ nígbà tí òjò kò bá sí. Bí ẹ bá ń bomi rin ín, ẹ da omi náà láti òkè bí òjò, nírọ̀lẹ́, kó gba orí ewé kọjá. Ó ń gbá àwọn ọmọ kéékèèké dànù, ó sì ń dí labalábá rẹ̀ lọ́wọ́ lálẹ́ tó fẹ́ yé ẹyin.

Kí la máa ṣe báyìí?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀. Ojú ọjọ́ àti kòkòrò kì í ṣe tuntun. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni àsìkò tí kò dúró sójú kan mọ́. Bí àkọ́rọ̀ bá pẹ́ kó tó dé, ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn sí i nìyẹn, kòkòrò ẹ̀gẹ́ sì ti rí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i láti bímọ. Nítorí náà, kàlẹ́ńdà ara ògiri nìkan kò tó:

- Ẹ máa gbọ́ ohun tí NiMet ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa tán.
- Ẹ máa kọ ọjọ́ òjò àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí kòkòrò sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé yẹn á máa bá yín sọ̀rọ̀.
- Ẹ yẹ oko wò kí ẹ tó ra òògùn. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ fi òògùn sílẹ̀ lónìí. Òjò á fọ̀ ọ́ dànù, ó sì lè bá yín ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.
- Ẹ má fín òògùn sórí ẹ̀gẹ́ nítorí kòkòrò funfun. Agbọ́n tó ń bá yín ṣọ́ oko lẹ máa pa.
- Bí ẹ bá ní láti fín, ẹ má lo òògùn kan náà lọ́dọọdún. Ẹ rántí Gammalin.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan nìyí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn gùn lọ́dún yìí ti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí gàrí kó tó ṣẹlẹ̀.

Òjò kì í gbowó, kì í sì í ta ayédèrú. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wa ni pé ká mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tó ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa: ní oko tiyín, kòkòrò wo ló ń kọ́kọ́ yọ bí òjò bá ti dá, oṣù wo sì ni? Ìrírí yín á ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Irè oko á dé, a ó sì jẹ ẹ́ pẹ́ o.